Ṣé Ọmọ Yìí Á Wọlé Báyìí?

Ọjọ́ tí máàkì ìdánwò àṣewọ-yunifásítì mi jáde, kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá kí òun bá mi yọ̀ ni tàbí kí òun bá mi kẹ́dùn. Ilé kọ̀ǹpútà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ráńdábáòtù Ìkòtún ni mo ti lọ wò ó. Obìnrin tó ni ibẹ̀ wo ojú kọ̀ǹpútà, ó wo ojú mi, ó tún wo ojú kọ̀ǹpútà. Ó ní, "O gbìyànjú o." Ó na ìwé náà sí mi. Ó ní, "O gbìyànjú ṣá." "Ṣá" tó fi kún un lẹ́ẹ̀kejì yẹn ni mo gbé délé.

Máàkì mi kì í ṣe máàkì ẹni tó fìdí rẹmi. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ gíga ni ì bá fi tẹ̀ríntẹ̀rín gbà mí. Ṣùgbọ́n yunifásítì tí ìyá mi fẹ́ kí n lọ kì í ṣe èyí tí ènìyàn kàn ń yà sí. Àwọn tó ń ṣe ipò kìíní láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀, bí ìgbà tí kò bá sómi l'Ìgandò tí gbogbo àdúgbò wá to kẹ́ẹ̀gì sídìí ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìmọ̀ ìṣègùn ni wọ́n fẹ́ kí n kà níbẹ̀, èyí tó jẹ́ pé ẹ̀rọ náà kàn ń kán tó tó ni.

Ìyá mi ń ta òwú, bọ́tìnì, síìpù àti gbogbo ohun tí aránṣọ ń lò nínú ọjà Ìkòtún. Bàbá mi, káfíńtà ni wọ́n. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti wá sí Èkó kí wọ́n tó bí mi, wọ́n sì ní ṣọ́ọ̀bù onípáánù kan lójú ọ̀nà Ìgandò. Ibẹ̀ ni mo gbà lọ tààrà láti ilé kọ̀ǹpútà. Mo bá ìyá mi níbẹ̀, wọ́n ti pa ìsọ̀ dé láti wá gbọ́ ìròyìn. Mo sọ bó ṣe rí.

Bàbá mi yíjú sí ìyá mi. "Ó wọlé àbí kò wọlé?"

Mo ní, "Dádì, wọn ò tíì mú ẹnikẹ́ni. Yunifásítì fúnra wọn ṣì máa pè wá wá ṣe ìdánwò mìíràn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á pa méjèèjì pọ̀."

"Èyí tó o ṣe yìí ńkọ́? Kí ló wà fún?"

"Òun ló máa jẹ́ kí wọ́n pè mí fún èkejì, sà."

Bàbá mi gbé òòlù sílẹ̀. "Nínú iṣẹ́ tèmi, tí pákó bá gùn tó, ó gùn tó. Tí kò bá gùn tó, kò gùn tó. Mi ò rí pákó tó ní kí n lọ wọn òun níbòmíràn kí n tó mọ̀ rí."

Ìyá mi ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ pákó sílẹ̀. Wọ́n ní tíṣà tó ń kọ́ mi sílẹ̀ fún ìdánwò ló yẹ kó mọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni bàbá mi fa ọwọ́ mi lọ sọ́dọ̀ rẹ̀.

Òkè ilé kan tí wọn ò tíì kọ́ tán ni tíṣà wa ti ń kọ́ wa, nítòsí Ẹgbẹ́dá. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, táì kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, bí oòrùn ṣe wù kó mú tó. Ó kí bàbá mi dáadáa, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìṣirò. Ó kọ̀wé kún bọ́ọ̀dù, ó pín in, ó rò ó pọ̀, ó fi ọwọ́ pa apá kan rẹ́, ó sì padà kọ nǹkan kan náà síbẹ̀. Bàbá mi dúró sẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni tó ń dúró de dókítà nílé ìwòsàn. Nígbà tó yá, tíṣà yíjú padà. Ṣọ́ọ̀kì ti kun táì rẹ̀.

Ó ní, "Bàbá, fífítì-fífítì ni."

Bàbá mi ní, "Èwo nìyẹn?"

"Ó lè wọlé, ó sì lè má wọlé, sà."

"Tíṣà, èmi náà ti mọ ìyẹn kí n tó kúrò nílé. Tí oníbàárà bá ní kí n kan bẹ́ẹ̀dì, tí mo sọ fún un pé fífítì-fífítì ni, ṣé ó máa lè sùn lé e lórí?"

Tíṣà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú tì í. Ó sún mọ́ bàbá mi, ó ní tí ó bá jẹ́ pé a mọ ẹnìkan tó mọ inú yunifásítì náà dáadáa, kì í ṣe láti fún un ní nǹkan kan o, kó kàn bá ọmọ náà sọ̀rọ̀, kó sì sọ ibi tó kù sí, ìyẹn máa dára. Ọ̀rọ̀ yìí wọ bàbá mi létí. Mo rí i bó ṣe ń wọ̀ wọ́n létí. Gbogbo ọ̀nà tí a fi ń bọ̀ wálé, wọ́n ń ka orúkọ àwọn oníbàárà wọn sókè.

Kí bàbá mi tó rí ẹni tí wọ́n ń wá, ẹ̀gbọ́n ìyá mi dé. Màmá Ìgandò là ń pè wọ́n. Nígbà tí ìyá mi fẹ́ bàbá mi, wọ́n bá wọn lọ sí mọ́ṣáláṣí, ṣùgbọ́n Màmá Ìgandò dúró sínú ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun tí wọ́n jọ dàgbà sí. Kò dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn. Ìyá mi kàn máa ń sọ pé, "Àdúrà kì í pọ̀ jù." Lọ́jọ́ Àìkú, Màmá Ìgandò ti ṣọ́ọ̀ṣì wá sílé wa tààrà nínú aṣọ àdúrà funfun wọn, láìwọ bàtà, wọ́n jókòó, wọ́n ní àwọn ti gbé ọ̀rọ̀ mi síwájú Ọlọ́run, Ọlọ́run sì ti fi nǹkan han àwọn.

Ìyá mi kúnlẹ̀. Èmi náà kúnlẹ̀. Bàbá mi jókòó, ṣùgbọ́n wọ́n pa rédíò.

Màmá Ìgandò ní, "Mo rí i nínú ilé ńlá kan. Fèrèsé pọ̀ lára ilé náà. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀."

Ìyá mi pariwo, "Họ́sítẹ́ẹ̀lì! Kọ́kọ́rọ́ yàrá họ́sítẹ́ẹ̀lì ni! Ó ti wọlé!"

Bàbá mi fọwọ́ ra irùngbọ̀n wọn. "Ó lè jẹ́ ilé ọkọ."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́!"

"Èmi kàn ń wò ó ni. Àbí ẹ̀gbọ́n, ṣé ilé náà jọ ilé ìwé?"

Màmá Ìgandò ronú dáadáa. Olóòótọ́ ènìyàn ni wọ́n, wọn kì í fi kún ìran. Wọ́n ní, "Ó jọ báǹkì."

Ọ̀rọ̀ náà dàrú níbẹ̀. Ìyá mi ní bóyá Ọlọ́run fẹ́ kí n kọ́ ìmọ̀ ìṣirò owó ni. Bàbá mi ní àbí màá kàn jẹ́ ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn báǹkì. Màmá Ìgandò bínú, wọ́n ní ìran kì í ṣe ohun tí ènìyàn fi ń ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n sì ní kí n gbààwẹ̀. Mo gbà á. Ìyẹn ni pé ìyá mi ń gbé oúnjẹ pamọ́ fún mi lẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n ní ẹni tó ń kàwé ò gbọdọ̀ febi pa ọpọlọ.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ọkùnrin kan wá sí ṣọ́ọ̀bù bàbá mi. Àgbàlagbà ni, ó wọ bùbá àti ṣòkòtò, gíláàsì rẹ̀ nípọn, ohùn rẹ̀ sì rọra ń jáde bí ohùn ẹni tí kì í bá ènìyàn jiyàn. Ó ní òun fẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù ńlá kan tó kún ògiri, onípele-onípele, tó ní gíláàsì níwájú. Bí ó ṣe ń wọn nǹkan lọ́wọ́, àwọn méjì tó ń kọjá lójú títì kígbe pé, "Prófẹ́sọ̀! Ẹ kú iṣẹ́ o, sà!" Ọlọ́kadà kan tiẹ̀ dúró láti kí i.

Bàbá mi ò bèèrè nǹkan kan. Wọ́n ní àwọn kàn so ó pọ̀ ni: kọ́bọ́ọ̀dù tó kún ògiri, gíláàsì tó nípọn, gbogbo ayé ń pè é ní Prófẹ́sọ̀. Kí ló tún kù? Wọ́n sọ fún un pé àwọn ní ọmọ kan nílé tó fẹ́ wọ yunifásítì, ẹ jọ̀ọ́ sà, tó bá lè bá a sọ̀rọ̀ díẹ̀, kó wò ó bóyá ó lè wọlé. Ọkùnrin náà ronú, ó ní kò burú, òun fẹ́ràn àwọn ọmọdé.

Ọjọ́ tí Prófẹ́sọ̀ ń bọ̀, ìyá mi ò lọ sọ́jà. Wọ́n gún iyán, wọ́n se ẹ̀gúsí, wọ́n fi ẹran ewúrẹ́ sí i. Àga nìkan ló jẹ́ ìṣòro. Ilé káfíńtà ni ilé wa, kò sí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pé nínú rẹ̀. Bàbá mi bá gbé àga oníbàárà kan wá láti ṣọ́ọ̀bù, èyí tí wọ́n ti fi ọ̀rá wé kó má baà dọ̀tí. Wọ́n ní kí a má tú ọ̀rá náà o, torí lọ́jọ́ kejì ni ẹni tó ni ín máa wá gbé e. Orí rẹ̀ ni Prófẹ́sọ̀ jókòó sí. Gbogbo ìgbà tó bá mí, àga ń dún ṣàràṣàrà.

Ó ní kí n jókòó níwájú òun. Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́.

"Kí lo fẹ́ kà?"

"Ìmọ̀ ìṣègùn, sà."

"Kí ló dé?"

"Kí n lè máa ran àwọn aláìsàn lọ́wọ́, sà."

Ṣàràṣàrà. "Ọmọ mi, bí ẹni ń ka kéú lo ṣe sọ ọ́ yẹn. Mo ní, kí ló dé?"

Mo wo bàbá mi. Òkè àjà ni wọ́n ń wò. Láti ẹ̀yìnkùlé, mo ń gbọ́ ìyá mi tí wọ́n ń ṣan abọ́. Ó yẹ kí n ti ronú ìdáhùn mìíràn sílẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ọkùnrin yẹn ò jẹ́ kí n purọ́. Kò le, kò sì rọ̀. Ó kàn ń dúró ni, bí ẹni tó mọ̀ pé bó pẹ́ bó yá, mo máa ṣí.

Mo ní, "Ìyá mi ló fẹ́ ẹ, sà."

Omi tó ń dún nínú abọ́ dákẹ́.

Prófẹ́sọ̀ fẹ̀yìn ti àga, ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ sọ̀yà. Ó sọ fún bàbá mi pé, "Ọmọ yìí á wọlé. Ẹ lọ fọkàn balẹ̀." Lẹ́yìn náà ó jẹ iyán, ó tún bèèrè òkèlè sí i, ó sì gbàdúrà fún wa kó tó lọ.

Bó ṣe jáde báyìí, ìyá mi wọlé pẹ̀lú aṣọ ìnujú léjìká. "Èmi ni mo fẹ́ ẹ?"

"Ẹ jọ̀ọ́, mà."

"Ó dáa. Kí ni ìwọ fẹ́?"

Mo ronú. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni nílé wa máa bi mí. Mo ní, "Mi ò mọ̀, mà."

"O ò mọ̀! O ò mọ ohun tí ìwọ fẹ́, o wá mọ ohun tí èmi fẹ́, o sì gbé e fún àlejò!"

Wọ́n fi gbogbo abọ́ yòókù sílẹ̀ fún mi láti dá fọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ bá wọn lọ́jà lọ́jọ́ kejì, mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń sọ fún obìnrin aránṣọ kan tó wá ra síìpù pé, "Odidi prófẹ́sọ̀ ló jókòó sí pálọ̀ mi. Ó ní á wọlé. Ó fọwọ́ sọ̀yà." Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, kò sí ẹni tó ra bọ́tìnì lọ́wọ́ ìyá mi tí kò gba ìròyìn náà mọ́ bọ́tìnì.

Nígbà tí kọ́bọ́ọ̀dù parí, bàbá mi ní kí n sin àwọn lọ gbé e fún Prófẹ́sọ̀ l'Ẹgbẹ́dá, kí n lè tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. A háyà kẹ̀kẹ́ akẹ́rù kan. Nígbà tí a dé àdúgbò náà, bàbá mi bọ́ sílẹ̀, wọ́n bi mẹkáníìkì kan pé, "Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni ilé Prófẹ́sọ̀?"

Mẹkáníìkì náà ní, "Èwo, Prófẹ́sọ̀ dráfùtì? Ó wà lábẹ́ igi lọ́hùn-ún. Ó ń na ẹnìkan lọ́wọ́."

Bàbá mi ní, "Ó ń na ta ni?"

A rí i lábẹ́ igi máńgòrò kan, àwọn ọkùnrin rọ̀gbà yí i ká, pátákó dráfùtì wà lórí àpótí níwájú rẹ̀. Kò gbójú sókè. Ó fi ìka kan ṣoṣo gbé ọmọ dráfùtì kan, ó fi í fò láti ibí dé ọ̀hún, ó ń kó ti ẹlòmíràn bọ̀. Gbogbo wọn hó, "Prófẹ́sọ̀!" Ẹni tó ń bá a ta á dìde, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Nígbà tó rí wa, inú rẹ̀ dùn. Ó mú wa wọlé. Kóòpù tó ti gbà nídìí dráfùtì wà nílẹ̀ kún yàrá, kéékèèké àti ńláńlá, àwọn kan ti ń dípẹtà. Àwọn ni kọ́bọ́ọ̀dù wà fún. Kò sí ìwé kan níbẹ̀, àyàfi kàlẹ́ńdà.

Bàbá mi dúró sí àárín kóòpù. "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ṣé ẹ̀yin kì í ṣe prófẹ́sọ̀ ní yunifásítì?"

"Èmi? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ ní ọmọ mi á wọlé!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mo sọ ọ́. Ẹ ní kí n bá ọmọ sọ̀rọ̀, mo bá ọmọ sọ̀rọ̀. Ẹ ní kí n wò ó bóyá ó lè wọlé, mo wò ó. Ọmọ tó lè sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn létí ìyá ẹ̀, kí ló tún máa bà á lẹ́rù?" Ó yíjú sí mi. "Ìyá ẹ ńkọ́? Iyán wọn dára gan-an ni."

Nínú kẹ̀kẹ́ òfìfo tí a gùn padà, bàbá mi kọ́kọ́ ń ka owó kọ́bọ́ọ̀dù. Nígbà tí a dé ìyànà Ìkòtún, èjìká wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo rò pé wọ́n ń sunkún. Ẹ̀rín ni. Wọ́n rín, wọ́n rín, wọ́n di irin kẹ̀kẹ́ mú kí wọ́n má baà ṣubú. Wọ́n ní, "Ìyá ẹ ò gbọdọ̀ gbọ́ o." Nígbà tí ẹ̀rín tán, wọ́n bi mí bóyá òótọ́ ni mo sọ lọ́jọ́ náà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Wọ́n ní, "Èmi náà, bàbá mi ló ní kí n lọ kọ́ṣẹ́ káfíńtà."

"Ṣé ẹ wá fẹ́ràn ẹ̀, sà?"

"Kó tó di pé mo fẹ́ràn ẹ̀, mo ti ń kọ́ ẹlòmíràn."

Mo lọ ṣe ìdánwò kejì ní yunifásítì. Mo ṣe é bó ṣe yé mi, mo sì padà wálé. Lẹ́yìn náà, orúkọ àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ mú jáde, tèmi ò sí níbẹ̀. Mo sunkún, ó yà mí lẹ́nu pé mo lè sunkún lórí ohun tí mo ní ìyá mi ló fẹ́. Ìyá mi ò sunkún rárá. Wọ́n ń wé gèlè.

"Ẹ dìde, Dádì. Ẹ jẹ́ ká lọ bá Prófẹ́sọ̀."

Bàbá mi ní, "Jókòó ná."

"Kí n jókòó ṣe kí ni? Ọkùnrin yẹn fọwọ́ sọ̀yà nínú pálọ̀ mi!"

Kò sí bí bàbá mi ṣe fẹ́ ṣe é mọ́. Wọ́n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: igi máńgòrò, pátákó, kóòpù. Nígbà tí wọ́n parí, ìyá mi tú gèlè, wọ́n gbé e lé orí itan, wọ́n rọra ní, "Dráfùtì."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Mo gún iyán fún dráfùtì."

Èmi ni mo kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, èmi tí mo ń sunkún tẹ́lẹ̀. Bàbá mi tẹ̀ lé e. Ìyá mi fi gèlè na àwa méjèèjì, wọ́n ń bú wa, kó tó di pé ẹ̀rín mú àwọn náà.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọjá kí wọ́n tó tún gbé orúkọ mìíràn jáde. Tèmi wà níbẹ̀. Wọ́n mú mi, ṣùgbọ́n wọn ò fún mi ní ìmọ̀ ìṣègùn. Wọ́n ní kí n wá kọ́ ìmọ̀ nípa ẹja.

Màmá Ìgandò wà nílé lọ́jọ́ tí mo gbé ìròyìn náà dé. Ìyá mi ní, "Ẹja? Ẹja tí à ń jẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Bí wọ́n ṣe ń sìn ín, ohun tó ń jẹ, àìsàn tó ń ṣe é."

"Ṣé ẹja ń ṣàìsàn ni?"

"Ó ń ṣàìsàn, mà."

Wọ́n ronú. "Tó bá ń ṣàìsàn, a jẹ́ pé ó nílò dókítà nìyẹn."

Màmá Ìgandò ní kí wọ́n má kẹ́gàn ẹja, ṣebí apẹja ni Pétérù. Bàbá mi kò rí ti Pétérù rò. Wọ́n ti jáde sẹ́nu ọ̀nà lọ sọ fún àwọn ará ilé pé ọmọ àwọn ti di ọmọ yunifásítì. Ní ọjà, ìyá mi ò pe ẹja lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. "Ìmọ̀ àwọn ẹ̀dá inú omi" ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá sì bi wọ́n pé irú ẹ̀dá wo, wọ́n á bi í bóyá síìpù dúdú ló fẹ́ tàbí funfun.

Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Kò ṣẹlẹ̀ lójijì. Ọdún kìíní, òórùn rẹ̀ ń ta mí nímú. Ní ọdún kejì, mo lè dúró sẹ́bàá adágún ẹja onísìmẹ́ńtì kí n mọ̀ pé ara ẹja kan ò yá nínú bó ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Ìgbà yẹn ni ìyá mi wá kí mi. Léèsì ni wọ́n wọ̀, bí ẹni tó ń lọ síbi ìsọmọlórúkọ. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ wa wà létí omi, obìnrin ni, bàtà rọ́bà dé orúnkún rẹ̀. Ìyá mi kúnlẹ̀ kí i, wọ́n sì bi í kó tó gbé wọn dìde pé, "Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ọmọ mi yìí, ṣé ó máa jáde?"

Olùkọ́ náà wò mí, ó wo ìyá mi. "Màmá, ó kù sọ́wọ́ ẹ̀."

Ìyá mi yíjú sí mi. "Fífítì-fífítì tún ni, àbí?"

Mo bu oúnjẹ ẹja sí wọn lọ́wọ́, mo ní kí wọ́n dà á sómi. Wọ́n nawọ́ jìnnà, wọ́n dà á. Àwọn ẹja àrọ̀ ya lù ú lẹ́ẹ̀kan náà, omi fọ́n ká, ó kan léèsì. Ìyá mi fò sẹ́yìn, wọ́n ké "Lá ìláhà ílà Lọ́ọ̀!" Wọ́n gbọn aṣọ wọn, wọ́n wo omi títí tó fi rọlẹ̀. Wọ́n wá tún tẹ́ ọwọ́ sí mi, wọ́n ní kí n bu òmíràn wá, ó dà bíi pé èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yẹn ò rí jẹ.